Ẹ̀yin mẹ́rìnlá, kámpà mélòó? Ìdáhùn fún ìyá wa tó fẹ́ kó ẹgbẹ́ lọ wo àbùùbùtán

Ìyá wa kan kọ̀wé sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, obìnrin mẹ́sàn-án, ọkùnrin márùn-ún, ti ń dá àjọ láti ọdún tó kọjá, Gúúsù Áfíríkà làwọn fẹ́ lọ, àwọn ò sì fẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì rárá, mọ́tò tí wọ́n ń sùn sínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kámpà, làwọn fẹ́ háyà, kí àwọn máa wà á lọ lẹ́bàá òkun láti Cape Town títí dé Durban, kí àwọn máa wo ẹranko lọ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ní. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ojúde Ọba ni wọ́n fẹ́ gbéra. Wọ́n wá ń bi mí pé ṣé mọ́tò méjì ẹlẹ́ni mẹ́fà mẹ́fà ò ní tó, kí àwọn méjì tó kù fún ara wọn mọ́ ọn, àti pé kí ló dájú pé àwọn máa rí.

Ẹ kú àpérò o, ìyá wa. Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi gan-an, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn ń rí ẹgbẹ́ tó máa ní kì í ṣe ọjà làwọn ń lọ ná, ẹran inú òkun làwọn fẹ́ lọ wò. Mo ti kó èèyàn gba ọ̀nà yẹn nígbà mẹ́fà, Ṣàgámù níbí la ti máa ń gbéra, torí náà ohun tí mo bá sọ, ojú mi ló ṣe.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú Durban kúrò ńbẹ̀. Cape Town sí Durban lójú títì N2 lé ní 1,600 kìlómítà. Tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́jọ rìn ín, ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú yín lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ẹranko. Apá ibi tí wọ́n ń pè ní Wild Coast gan-an, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn East London, ó rẹwà o, mi ò ní parọ́, òkè pẹ̀lú òkun, kò fẹ́ẹ̀ sí ilé, ṣùgbọ́n N2 kì í gba etí òkun níbẹ̀, inú ilẹ̀ ló ń gbà lọ sí Mthatha, tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ yà sọ́dọ̀ òkun, ọ̀nà ẹ̀ ní kòtò, màlúù àti ewúrẹ́ ń sọdá bó ṣe wù wọ́n, kámpà ńlá ò sì rọrùn láti yí padà lójú ọ̀nà tóóró. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà míì. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí ni Gqeberha, Port Elizabeth tí gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, 2021 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Ó tó bíi 750 kìlómítà sí Cape Town, ẹ lè dá kámpà padà síbẹ̀ kẹ́ ẹ wọ bàálù, owó díẹ̀ ni wọ́n máa fi lé e torí pé ẹ ò dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e, àmọ́ ó sàn ju kẹ́ ẹ tún máa wà á bọ̀ lọ. Kí ọjọ́ mẹ́jọ yẹn di mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá lè ṣe é.

Ẹ tún sún àkókò yẹn síwájú. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyà, oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ló ń bọ́ sí láyé ìsinyìí, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ sì bọ́ sínú ìgbà òtútù tiwọn, ìgbà yẹn náà ni òjò ń rọ̀ jù ní agbègbè Cape. Àwọn àbùùbùtán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni lóṣù kẹfà. Oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ni wọ́n pọ̀ jù, kí oṣù kọkànlá tó parí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Oṣù kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ mú. Òtútù ṣì wà nígbà yẹn náà, atẹ́gùn etí òkun wọn ò jọ tiwa, torí náà kí kálukú mú súwẹ́tà tó nípọn àti kóòtù òjò, kí àwọn ìyá má ṣe ní ìró àti ìborùn ti tó àwọn.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò wá kù. Ìyá wa, méjì kọ́, mẹ́rin ni kẹ́ ẹ háyà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ibí ni gbogbo ẹgbẹ́ ti máa ń ṣì í. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára kámpà pé èèyàn mẹ́fà ló gbà, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kà. Bẹ́ẹ̀dì kan wà lókè orí dírẹ́bà, ẹ máa gun àkàbà kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kan wà lẹ́yìn, ìkẹta ò sí ńlẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi máa ṣú, torí tábìlì tẹ́ ẹ fi jẹun lálẹ́ ni wọ́n máa wó lulẹ̀ tí wọ́n máa tẹ́ tìmùtìmù lé, òun ló máa di bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣe bí ẹni ń fojú inú wò ó: ẹni tó máa ń tètè sùn ò lè sùn torí àwọn tó fẹ́ tàkúrọ̀sọ ṣì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tọ̀ lóru máa kọjá lórí ẹni méjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ẹ̀ kò sì ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, inú àgbá kékeré kan ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, èèyàn ló ń fà á jáde táá lọ dà á nù síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó èèyàn lọ, àwa méjìlá la wà nínú kámpà méjì, ọmọ ìjọ kan náà ni wá, a ti jọ kọrin pọ̀ fún ogún ọdún. Ní alẹ́ kẹta, ìyá àgbà méjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, torí ta ló máa sùn lókè, ta ló máa da àgbá nù. Ọ̀kan nínú wọn sunkún. Ó dùn mí dọ́kàn, torí èmi ni mo ní mọ́tò méjì ti tó, owó ni mo ń dù. Látìgbà yẹn, kámpà ẹlẹ́ni mẹ́fà, èèyàn mẹ́rin ni mo ń fi sínú ẹ̀, ẹlẹ́ni mẹ́rin, èèyàn mẹ́ta. Tiyín, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́ta. Kí tábìlì máa jẹ́ tábìlì láàárọ̀ lálẹ́.

Mọ́tò mẹ́rin túmọ̀ sí dírẹ́bà mẹ́jọ, méjì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀ o. (Àwa náà, ọwọ́ òsì la ń gbà tẹ́lẹ̀, 2 oṣù kẹrin 1972 la yí sí ọ̀tún, àwọn àgbà yín á rántí bí gbogbo ìlú ṣe ń ṣọ́ra lọ́jọ́ yẹn.) Ìyẹn nìkan kọ́, ọ̀pọ̀ kámpà wọn gíà ọwọ́ ni, stíárìn wà lọ́tùn-ún, ọwọ́ òsì lẹ máa fi pààrọ̀ gíà, ẹni tó ti ń wa ọ̀tọmátíìkì láti ọdún pípẹ́ máa jìyà díẹ̀. Ó sì ga, àwọn kan tó mítà mẹ́ta, ẹ má wà á wọ abẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí láìsọ̀kalẹ̀ wò ó. Alẹ́ tẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní Cape Town, ẹ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó gbọ́kọ̀, ẹni tó rẹ̀ kì í kọ́ ọwọ́ òsì. Ẹ má wakọ̀ lóru, ẹ má sì sùn sẹ́bàá títì, kò bójú mu kò sì láàbò. Ibi àgọ́ tí wọ́n ṣe fún un pọ̀, iná wà tẹ́ ẹ máa fi wáyà so mọ́ kámpà, omi gbígbóná wà, wọ́n sì mọ́ tónítóní.

Ìwé àṣẹ: fíísà, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (ẹ gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó wọ̀lú, wọ́n máa bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá), lásẹ́ǹsì, àti ìwé àṣẹ awakọ̀ àgbáyé (international driving permit) nítorí àwọn tó ń yáni ní mọ́tò. Wọ́n máa dá owó ńlá kan dúró sórí káàdì gẹ́gẹ́ bí owó ìdógò, káàdì náírà lásán lè má gbé e, ẹ yanjú ìyẹn pẹ̀lú báǹkì yín nílé. Ẹ fún ẹnì kan ní àpò epo àti owó àgọ́, kí gbogbo ẹgbẹ́ dá a sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Ìjẹ̀bú, kẹ́ ẹ má bàa máa ka owó lójú ọ̀nà.

Ó ku ẹranko, tó jẹ́ pé tìtorí ẹ̀ lẹ ṣe ń lọ.

Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ẹran òkun yẹn ní àbùùbùtán, ẹ bù ú, ẹ bù ú, kò tán. Èyí tó ń wá sí etí òkun yẹn, southern right whale ni wọ́n ń pè é, ó lè gùn tó mítà 15, ó sì lè wọn 40 tọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọ̀dọ̀ omi dídì ìsàlẹ̀ ayé ni wọ́n ti ń bọ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà, wọ́n á wá bímọ sínú omi tó dákẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ìyá gbé oyún ẹ̀ fún bí ọdún kan, ó sì máa ń tó ọdún mẹ́ta kó tó tún bímọ. Ẹran tó rọra ń lọ, tó ń sún mọ́ èbúté, tó tún ń léfòó tó bá kú, ìdí nìyẹn táwọn apẹja àtijọ́ fi pè é ní right, wọ́n ní òun ló tọ́ kí àwọn pa. Wọ́n pa á títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, 1935 ni wọ́n tó fòfin dè é káàkiri ayé. Ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyẹn, ìyá tí baba ńlá àwọn ọlọ́kọ̀ ìpẹja ò rí pa tán. Mi ò lè sọ ọ́ kí ara mi má bù máṣọ.

Hermanus ni kẹ́ ẹ lọ, kìlómítà 120 sí Cape Town. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ẹ ò nílò ọkọ̀ ojú omi. Òkúta gíga ló yí etí òkun ìlú yẹn ká, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbà á kọjá, bẹ́ǹṣì wà lóríṣiríṣi ibẹ̀, àbùùbùtán á sì wá sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín. Alẹ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀kan. Lọ́dún kan, àwọn tí mo kó lọ wo òkun fún bíi wákàtí kan, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, wọ́n lọ jẹun. Bàbá kan ará Ìkẹ́nnẹ́ ní òun ò lọ, òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì òun. Ìgbà tá a máa padà dé, bàbá ń sunkún, ìyá àti ọmọ ti wà níwájú wọn láti ìgbà tá a ti lọ, ọmọ ń gun ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ pọ̀n, ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó tún ń gùn ún. A bá wọn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó lọ. Bàbá ti wò wọ́n fún wákàtí kan àbọ̀. Látìgbà yẹn, oúnjẹ là ń gbé lọ bá bẹ́ǹṣì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá a: àárọ̀ kùtù kí atẹ́gùn tó dìde, nígbà tí ojú òkun bá tẹ́ bí awo. Ẹ má wá ara ẹran náà, èémí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Tó bá mí, omi á fọ́n sókè bí èéfín, tirẹ̀ á pín sí méjì bí lẹ́tà V. Kò ní lẹbẹ lẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú tó sì pẹlẹbẹ, orí ẹ̀ ní èépá funfun funfun, èépá yẹn làwọn onímọ̀ fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, bí ilà ojú. Bínókúlà kan nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan tó, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí, èyí tó lágbára ju ìyẹn lọ máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ àgbà. Tẹ́ ẹ bá wá ní kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó ní àṣẹ ni kẹ́ ẹ bá lọ, òfin gba àwọn yẹn láyè dé 50 mítà, ẹni tí kò ní àṣẹ gbọ́dọ̀ dúró ní 300 mítà. Ẹni tó bá ní òun máa gbé yín sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Hermanus, ẹ gba etí òkun, ẹ dúró ní Betty's Bay kẹ́ ẹ wo pẹ́ngúìnì níbi tí wọ́n ń pè ní Stony Point. Boulders ní Simon's Town ló lókìkí, 1982 ni tọkọtaya pẹ́ngúìnì méjì kọ́kọ́ wá tẹ̀dó síbẹ̀, ṣùgbọ́n kámpà mẹ́rin ò ní rí ibi dúró sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Igbe wọn dà bí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń tán lọ, 2024 ni wọ́n fi wọ́n sínú àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó parẹ́ pátápátá, olórí ìdí ẹ̀ ni pé sadíìnì tí wọ́n ń jẹ ti wọ́n nínú òkun. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ń géni jẹ, ẹ sì yẹ abẹ́ mọ́tò wò kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ẹnì kan máa wá bá yín ní Gansbaai, ìlú etí òkun kan lẹ́yìn Hermanus, pé kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ wọ inú kéèjì lọ wo yanyan funfun ńlá (great white shark). Láti 2017, àwọn orca méjì kan, ẹran òkun dúdú-funfun tó ń pa ẹran jẹ, tí wọ́n sọ ní Port àti Starboard, torí pé lẹbẹ ọ̀kan tẹ̀ sí òsì tí tèkejì tẹ̀ sí ọ̀tún, ti ń pa yanyan yẹn kí wọ́n lè jẹ ẹ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù sì sá kúrò lágbègbè yẹn. Irú yanyan míì wà, àmọ́ ẹni tó bá ṣèlérí funfun fún yín, ẹ fowó yín sápò.

De Hoop, ọgbà ẹranko kan, wà níwájú, àbùùbùtán pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ọ̀nà ẹ̀ ni kò ní ọ̀dà, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn kámpà sì ní kẹ́ ẹ má gba irú ẹ̀. Ẹ ka ìwé yín dáadáa kẹ́ ẹ tó yà síbẹ̀. Ẹ sùn ní Mossel Bay lálẹ́ kan, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí Storms River Mouth nínú ọgbà ẹranko Tsitsikamma. Ọdún 1964 ni wọ́n ti ń dáàbò bo òkun ibẹ̀. Àgọ́ ẹ̀ wà lẹ́nu omi gan-an, ìgbì á máa fọ́ mọ́ òkúta níwájú ilẹ̀kùn kámpà yín ní gbogbo òru, ẹlòmíì ò ní sùn lálẹ́ àkọ́kọ́, lálẹ́ kejì ó ti di orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún. Ibẹ̀ lẹ máa rí ẹran kékeré kan tó ń yá oòrùn lórí òkúta, dassie, ẹbí ọ̀fàfà ni, ọ̀fàfà tí à ń gbọ́ igbe ẹ̀ lóru nínú igbó tiwa, ìbátan erin sì làwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe kéré tó yẹn. Afárá olókùn kan wà lórí ẹnu odò, mítà 77 ni gígùn ẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn kó rọra, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí òkun lórí òkúta nítorí fọ́tò. Tí ọ̀bọ ńlá baboon bá wà nítòsí, ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, búrẹ́dì ni wọ́n ń wá. Àwọn àgọ́ Tsitsikamma tètè ń kún, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti san owó ẹ̀.

Alẹ́ méjì tó kẹ́yìn, Addo, ọgbà erin. 1931 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ku erin 11 péré, wọ́n ti lé ní 600 báyìí. 40 kìlómítà ní wákàtí kan ni eré tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má gbé ọsàn wọbẹ̀ o. Láyé àtijọ́, ọsàn ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn erin yẹn, àwọn erin wá ń kọlu mọ́tò nítorí òórùn ẹ̀, wọ́n fòfin dè é. Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò dúdú tó ń yí ìgbẹ́ erin lọ lójú títì, ẹ dúró fún un, kò lè fò, àwo ìkìlọ̀ wà lójú ọ̀nà pé òun ló kọ́kọ́ máa kọjá.

Oúnjẹ ò le. Gàrí Ìjẹ̀bú wa tó kan yẹn, kò sí oúnjẹ kámpà tó tó o, kò fẹ́ iná kò fẹ́ fíríìjì, ẹ kàn sọ fún aṣọ́bodè pé ẹ gbé oúnjẹ wá, ẹ má sì gbé ẹran tàbí èso tútù. Ẹran wọn dáa, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sun ún níta lálẹ́, àgọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ààrò ẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ kó ẹgbẹ́ lọ sínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa fún alẹ́ méjì. Ẹ bá àwọn tó ń ṣọ́ igbó sọ̀rọ̀, ẹ gba àṣẹ, ẹ gba J4, abúlé tó wà nínú igbó yẹn, wọlé. Láti 1977 ni UNESCO ti fi orúkọ igbó yẹn sínú ìwé, erin wà níbẹ̀, ẹ lè má rí i o, torí erin inú igbó kì í fara hàn bíi ti Addo, àmọ́ ẹ máa rí ipa ẹsẹ̀, ẹ máa rí ọ̀bọ, ẹ máa gbọ́ ìyẹ́ àgbìgbò lókè igi. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó lè jí láago márùn-ún, ẹni tó ń hanrun, ẹni tó lè dákẹ́ fún wákàtí kan tí kò ní mú fóònù. Ẹ tibẹ̀ pín kámpà. Ẹni tó ń hanrun pẹ̀lú ẹni tó ń hanrun.

Tẹ́ ẹ bá dé láti J4, ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́jọ tó máa wakọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí àwọn tó ti wa gíà ọwọ́ láìpẹ́ yìí. Tí wọn ò bá pé mẹ́jọ, ẹ tètè sọ, ká wá ibi ìgbọ́kọ̀ tó ní ọ̀tọmátíìkì kí oṣù tó yí.